Àgbàsìn Orí Ayélujára: Ìtàn Àwọn Ẹran Tí Kì í Kú

Bí ẹnì kan bá ní ewúrẹ́ tó pọ̀ ju èyí tí ilé rẹ̀ gbà lọ, tàbí tó ń gbé ní ìgboro níbi tí kò sí koríko, ohun táwọn baba wa máa ń ṣe ni pé kó mú abo kan lọ fún ẹlòmíràn láti bá a sìn. Àgbàsìn là ń pe irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ẹran kò ní san owó oṣù fún ẹni tó ń sìn ín. Ọmọ ni wọ́n á jọ máa pín. Bí ewúrẹ́ bá bí méjì, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan tèmi. Bó bá bí ẹyọ kan, o mú tìsinsìnyí, èmi á mú èyí tó ń bọ̀. Àdéhùn yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló dúró lórí nǹkan mẹ́ta: ẹran náà yóò jẹun, yóò bímọ, yóò sì kú lọ́jọ́ kan, yálà nínú àìsàn ni o, tàbí nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn, torí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ewúrẹ́. Ìtàn àwọn ẹran kan ni, tí ènìyàn kò lè fọwọ́ kàn, tí wọn kì í jẹ èèpo iṣu, tí wọn kì í sì í yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Inú gẹ̀mù ni wọ́n ń gbé. Síbẹ̀, wọ́n ń gùn, wọ́n ń yé ẹyin, ọmọ wọn ń jọ wọ́n, àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì ti fi wọ́n jẹun, wọ́n ti fi wọ́n san owó ilé, wọ́n sì ti tìtorí wọn jẹ gbèsè. Láàárín ọdún 2020 sí 2022, ní orílẹ̀-èdè Philippines, wọ́n dá irú àgbàsìn kan sílẹ̀ lórí àwọn ẹran wọ̀nyí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe fọ́ ni mo fẹ́ ká jọ wò. Ṣùgbọ́n a kò lè débẹ̀ láìgba ọ̀nà tí ìtàn gbà.

Òwú tí ìyá gbọ̀n

Yorùbá ní òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Gbogbo ẹni tó ti sin adìẹ rí ló mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ láti mọ̀ pé ọmọ ń jọ ìyá yàtọ̀ sí kéèyàn mọ bí yóò ṣe darí jíjọ náà síbi tó wù ú.

Ní nǹkan bí igba ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àgbẹ̀ kan wà ní Dishley, ní agbègbè Leicestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Robert Bakewell. Ọdún 1725 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1795. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń jẹ́ kí akọ àti abo àgùntàn jọ máa jẹ̀ nínú pápá, èyí tó bá wu akọ ni yóò gùn. Bakewell ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yan èyí tí yóò gun èyí. Ó tún máa ń mú ẹran tó bára wọn tan pọ̀ kí àbùdá tó ń wá má bàa sọnù. Ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀, tó sì ń mówó wọlé fún un, ni pé ó máa ń yá àwọn àgbẹ̀ yòókù ní àgbò rẹ̀ fún sáà kan, kí àgbò náà lọ gun abo tiwọn, kó sì padà wálé. Àbùdá ló ń tà, ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn Bakewell ni ẹlẹ́sìn kan tó ń jẹ́ Gregor Mendel, ní ìlú Brno, gbin irú ẹ̀wà kan fún ọdún mélòó kan nínú ọgbà ilé àwọn mọ́ǹkì. Ní 1866, ó tẹ ohun tó rí jáde. Ó rí i pé bí òun bá mú ewéko tó ń yọ òdòdó elésè àlùkò pọ̀ mọ́ èyí tó ń yọ funfun, gbogbo ọmọ wọn ló ń yọ elésè àlùkò. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ náà bá tún bímọ láàárín ara wọn, funfun yóò tún yọjú, bí ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ìyẹn ni pé funfun kò kú, ó kàn sá pamọ́ ni. Àbùdá kan wà tó ń borí, òmíràn wà tó ń ba sílẹ̀ de ìran tó ń bọ̀. Ẹni tó ti gbọ́ rí pé "bàbá bàbá rẹ̀ gan-an ló jọ" ti mọ ohun tí Mendel ń sọ. Nígbà mìíràn, òwú tí ìyá àgbà gbọ̀n ni ọmọ-ọmọ ń ran.

Àgbò tí a ń yá fún sáà kan, àbùdá tó fara pamọ́: àwọn nǹkan méjèèjì yìí la óò tún bá pàdé nínú gẹ̀mù.

Norn: ẹ̀dá tó ń dàgbà, tó sì ń kú

Ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ kan ní Cambridge tó ń jẹ́ Millennium Interactive gbé gẹ̀mù kan jáde fún kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní Creatures. Steve Grand ló ṣe ọpọlọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀dá kékeré onírun tó ń jẹ́ Norn ló wà nínú rẹ̀. Ẹyin ni Norn ti ń jáde. Ẹni tó ń ta gẹ̀mù yóò máa kọ́ ọ lọ́rọ̀, yóò máa rìn ín ní ẹ̀gàkè bó bá hùwà tó dára, yóò sì gbá a létí bó bá ṣe ohun tí kò yẹ. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí gbogbo gẹ̀mù ìgbà yẹn ni pé Norn ní àbùdá tòótọ́, ìyẹn ìlànà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ tó ń sọ bí ọpọlọ rẹ̀ yóò ṣe ṣiṣẹ́, bí ebi yóò ṣe máa pa á, àti ohun tí ara rẹ̀ yóò fi oúnjẹ ṣe. Bí akọ àti abo bá bá ara wọn lò pọ̀, ọmọ yóò mú díẹ̀ lára ti bàbá, díẹ̀ lára ti ìyá, nígbà mìíràn àṣìṣe kékeré yóò sì wọ inú rẹ̀ tí kò sí lára òbí kankan.

Inú kọ̀ǹpútà ẹnì kọ̀ọ̀kan ni gẹ̀mù yìí wà o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta á sọ ọ́ di ti ayélujára. Wọ́n á yọ Norn kan jáde bí ẹni yọ fáìlì, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹni yẹn á sì mú un gun tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi fúnra wọn, bí ẹni fún aládùúgbò ní ọmọ ológbò.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ ká fojú fò ni pé Norn ń dàgbà, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń kú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìran rẹ̀ máa bá a lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bímọ kí ọjọ́ tó lọ. Gẹ̀mù yìí mú ikú pọ̀ mọ́ ìbímọ, bó ṣe rí nínú ọgbà ẹran gan-an.

Pokémon: ẹgbẹ̀rún ẹyin nítorí ẹyọ kan

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, Pokémon Gold àti Silver jáde ní Jàpáànù. Ibẹ̀ ni ìbímọ ti kọ́kọ́ wọ Pokémon. O máa mú akọ kan àti abo kan lọ síbi tí tọkọtaya àgbàlagbà kan ti ń bá èèyàn tọ́jú ẹran, nígbà tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní àwọn rí ẹyin kan lọ́dọ̀ wọn, àwọn ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ìyá ni ọmọ ń jọ ní irú. Bàbá ni ó lè fi ọgbọ́n ìjà kan lé e lọ́wọ́, èyí tí ọmọ náà kì bá tí mọ̀ láé bó bá jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n ti mú un. Ìrìn ló sì ń pa ẹyin. O gbọ́dọ̀ máa rìn, tàbí kí o máa gun kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn, títí yóò fi dá.

Lábẹ́ ohun tójú ń rí, nọ́ńbà wà. Láti 2002, Pokémon kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi bí i, láti 0 dé 31, tó ń sọ bí agbára rẹ̀, ààbò rẹ̀ àti eré sísá rẹ̀ yóò ṣe tó. Ọmọ máa ń jogún mẹ́ta lára ti àwọn òbí, tẹ́tẹ́ ló ń yan àwọn yòókù. Ẹni tó fẹ́ kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 31 ti rógun nìyẹn. Ó lè pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin, kí ó mú ẹyọ kan, kí ó sì tú gbogbo ìyókù sínú igbó. Ní 2013, wọ́n dín ìyà yìí kù: bí òbí kan bá di ohun kan tó ń jẹ́ Destiny Knot mọ́ ara, nọ́ńbà márùn-ún ni ọmọ yóò jogún.

Ayélujára wọ inú ọ̀rọ̀ náà dáadáa ní 2006, pẹ̀lú Diamond àti Pearl. Wọ́n dá ọjà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí èèyàn lè gbé Pokémon rẹ̀ sí, kí ẹnì kan ní ìdajì ayé kejì sì fi tirẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún fi àṣírí kan síbẹ̀: bí òbí méjèèjì bá wá láti inú gẹ̀mù tí èdè wọn yàtọ̀, bí ìyá bá jẹ́ ti Jàpáànù tí bàbá sì jẹ́ ti Faransé, àǹfààní pé ọmọ yóò ní àwọ̀ àrà ọ̀tọ̀ yóò pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹran àjèjì kiri bí Bakewell ṣe ń wá àgùntàn.

Pokémon kì í kú, àmọ́ èyí kò dá wàhálà sílẹ̀. Kí ló fà á? Ọmọ tí o tú sígbó kò ní iye owó kankan. Kò sẹ́ni tó ń fi í san owó ilé. Ìgbà tí owó dé ni gbogbo nǹkan yí.

Ológbò tó dí ojú ọ̀nà

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, 2017, ilé-iṣẹ́ Axiom Zen ní Vancouver, ní Kánádà, gbé CryptoKitties jáde. Ológbò inú àwòrán ni, ṣùgbọ́n orí blockchain Ethereum ni wọ́n kọ orúkọ olówó ológbò kọ̀ọ̀kan sí, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè pa á rẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹran inú gẹ̀mù wá dà bí ilẹ̀ tó ní ìwé.

Wọ́n ṣètò pé ológbò tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá, èyí tí wọ́n ń pè ní Gen 0, kò ní ju 50,000 lọ. Gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí. Kò sí akọ, kò sí abo. Ológbò èyíkéyìí lè ṣe bàbá lónìí, kó ṣe ìyá lọ́la. Olówó rẹ̀ lè gbé e síta pé ẹni tó bá fẹ́ kó gun tirẹ̀ kó wá san iye báyìí. Ọmọ á di ti ẹni tó ni ìyá, owó á di ti ẹni tó ni bàbá. Ẹ rí i pé àgbò Bakewell ló tún padà dé yìí. Àbùdá kọ̀ọ̀kan, bí ojú tàbí àwọ̀ ara, ní ọ̀kan tó hàn síta àti mẹ́ta tó fara pamọ́ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe gẹ̀mù náà kò fi ìlànà ìjogún rẹ̀ han aráyé. Àwọn tó ń ta á ló jókòó, wọ́n ka ìran ológbò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ológbò wọ̀nyí ti dí ojú ọ̀nà Ethereum. Àwọn tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ síra wọn ń dúró de ológbò tó ń gùn. Wọ́n ta ẹyọ ológbò kan ju 100,000 dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọjà fi tutù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ológbò kò ṣe nǹkan kan ju pé kó bí ológbò mìíràn lọ, kò sì sí èyí tó ń kú. Ológbò wá pọ̀ ju olùfẹ́ ológbò lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Trung Nguyen, ní Vietnam, wà lára àwọn tó ta CryptoKitties. Ó rò ó pé: bí ẹran wọ̀nyí bá lè jà ńkọ́? Bí wọ́n bá níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe?

Axie, àti ohun tó pamọ́ nínú ẹ̀jẹ̀

Ìdáhùn rẹ̀ ni Axie Infinity, tí ilé-iṣẹ́ Sky Mavis ní Ho Chi Minh City bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Axie jẹ́ ẹ̀dá kékeré kan tó rí roboto. Ó ní ẹ̀yà ara mẹ́fà tó ṣe pàtàkì: ojú, etí, ẹnu, ìwo, ẹ̀yìn àti ìrù. Nígbà náà, ẹ̀yà mẹ́rin nínú wọn ló ń pinnu ọgbọ́n tí yóò fi jà. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn gbọ́dọ̀ ní Axie mẹ́ta kó tó lè wọ ìjà. Bó bá borí, wọ́n á fún un ní owó inú gẹ̀mù kan tó ń jẹ́ SLP. Èèyàn lè ta SLP lójú ẹsẹ̀ kó di owó gidi. Nígbà yẹn, ohun tí wọ́n ń fi SLP ṣe nínú gẹ̀mù kò ju ọ̀kan pàtàkì lọ: òun ni wọ́n fi ń sanwó kí Axie méjì tó lè bímọ.

Bí ìjogún rẹ̀ ṣe rí nìyí, ẹ bá mi fara balẹ̀. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní àbùdá mẹ́ta: ọ̀kan tó hàn, méjì tó pamọ́. Bí Axie méjì bá bímọ, àbùdá tó hàn lára òbí kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti hàn lára ọmọ. Àkọ́kọ́ tó pamọ́ ní 9.375, èkejì ní 3.125. Ẹ ro ó pọ̀, àádọ́ta ni fún òbí kan, ọgọ́rùn-ún fún méjèèjì.

Nítorí náà, bí bàbá àti ìyá bá ní ìwo kan náà, ó kéré tán àǹfààní 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà pé ọmọ yóò ní in. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà mẹ́fà ló wà. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá bára mu níta, tí àwọn tó pamọ́ kò sì bára mu, àǹfààní pé ọmọ yóò jọ òbí délẹ̀délẹ̀ kò ju 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí àkọ́kọ́ tó pamọ́ bá tún bára mu, yóò fò sókè dé nǹkan bí 68. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ náà kò fi í ra Axie lójú lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Axie méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan gbówó lórí ju èkejì lọ nítorí ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀.

Wọ́n fi òfin díẹ̀ síbẹ̀. Òbí kò gbọdọ̀ gun ọmọ, ọmọ ìyá kò gbọdọ̀ gun ọmọ ìyá. Ohun tí Bakewell ń ṣe ni wọ́n sọ di èèwọ̀ yìí. Axie kan kò sì lè bímọ ju ẹ̀ẹ̀méje lọ, owó ìbímọ á sì máa wọ́n sí i ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rò pé ìyẹn yóò tó láti fi ìjánu sí i.

Sìkọ́láṣíìpù

Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé. Ní 2020, ní Philippines, wọ́n ní kí gbogbo ayé jókòó sílé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ìlú Cabanatuan, ní ìpínlẹ̀ Nueva Ecija, àwọn kan ti mọ gẹ̀mù yìí, wọ́n sì rí i pé SLP tí àwọn ń rí lóòjọ́ lè ra oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ràn. Ọmọ ilé-ìwé wọ̀ ọ́, awakọ̀ wọ̀ ọ́, àní àwọn arúgbó tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ nínú ìsọ̀ wọ̀ ọ́. Ní 2021, fíìmù ajẹmọ́-òtítọ́ kan tí wọ́n ṣe nípa wọn káàkiri ayélujára, àwọn tó ń ta Axie lóòjọ́ sì ju mílíọ̀nù 2 lọ kí ọdún náà tó parí. Philippines ni wọ́n ti pọ̀ jù.

Ìṣòro kan wà. Axie mẹ́ta ti wọ́n jìnnà sí tálákà. Ní àárín ọdún 2021, ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni, nígbà mìíràn ó ju 1,000 lọ. Ẹni tí ebi ń pa kò lè rí i rà. Ẹni tó ní owó, tó sì ní Axie ọgọ́rùn-ún, kò ní ọwọ́ tí yóò fi ta gbogbo wọn.

Kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe? Àgbàsìn ni. Wọ́n pè é ní sìkọ́láṣíìpù. Olówó yóò fi Axie mẹ́ta síkàáwọ́ ọ̀dọ́ kan, ọ̀dọ́ náà á máa fi wọ́n jà látàárọ̀ dalẹ́, wọn á sì pín SLP. Ẹgbẹ́ kan tó lórúkọ jù nínú iṣẹ́ náà, Yield Guild Games, tí Gabby Dizon wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ń fún ẹni tó ń ta gẹ̀mù ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún, 20 fún ẹni tó ń bójú tó o, 10 fún ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ ká purọ́: owó náà wọlé. Fún oṣù mélòó kan, ó bọ́ ìdílé, ó sanwó ilé-ìwé, ó ra oògùn.

Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti yàtọ̀ sí ti wa. Nínú àgbàsìn, ọmọ ẹran là ń pín. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́ onílé lè ní mẹ́rin tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò sì ní gba ti ẹnikẹ́ni sìn mọ́. Àkàbà ni àgbàsìn jẹ́. Nínú sìkọ́láṣíìpù, èrè òòjọ́ ni wọ́n ń pín. Ẹran àti ìran rẹ̀ jẹ́ ti olówó. Ẹni tó ń jà kò ní ẹyin kankan níbẹ̀, àfi bó bá tọ́jú owó títí tó fi lè lọ ra Axie tirẹ̀. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rà á nígbà tó wọ́n jù.

Ìṣirò tí kò ní ikú nínú

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ká ní Axie ọgọ́rùn-ún wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bímọ lẹ́ẹ̀méje. Méjì-méjì ni wọ́n ń bí i, nítorí náà ọmọ 350 ni wọn yóò bí. Bí àwọn 350 yìí náà bá bí tiwọn tán, ọmọ-ọmọ di 1,225. Ìran tó tẹ̀ lé e á ju 4,000 lọ. Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ kò kú o. Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Axie mẹ́ta ló tó ẹnì kan. Kí 1,225 tó rí olówó, a gbọ́dọ̀ rí èèyàn tuntun bí irinwó.

Ibi tí ìjánu ti já nìyẹn. Àwọn tó ń ta gẹ̀mù ń mú SLP jáde lójoojúmọ́, wọ́n ń tà á. Àwọn tó ń mú Axie bímọ ló ń rà á. Àwọn wọ̀nyí sì ń rí owó ra SLP nítorí pé ẹni tuntun ń ra ọmọ Axie lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹni tuntun bá dín kù, ọmọ Axie kò ní tà. Bí kò bá tà, kò sẹ́ni tí yóò mú Axie bímọ. Bí wọn kò bá bímọ, SLP di omi tí kò ní ibi tó ń ṣàn lọ.

Ní oṣù keje 2021, SLP kan ju 30 sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà lọ. Ẹni tó rí 100 lóòjọ́ ti ní 30 dọ́là. Kí ọdún tó parí, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ gidigidi. Ní oṣù kejì 2022, Sky Mavis dá SLP tí wọ́n ń fún èèyàn fún iṣẹ́ òòjọ́ dúró, pé kí èyí tó ń jáde lè dín kù. Kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ní àárín ọdún yẹn, SLP kan kò tó sẹ́ǹtì kan. Ẹni tó ń rí 100 kò rí dọ́là kan mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nípa Axie ni olè tó jà wọ́n. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta, 2022, àwọn kan wọ Ronin, ìyẹn afárá tí owó Axie ń gbà kọjá, wọ́n sì kó 173,600 Ethereum pẹ̀lú mílíọ̀nù 25.5 owó USDC lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 620 mílíọ̀nù dọ́là. Ọjọ́ mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó mọ̀, nígbà tí ẹnì kan fẹ́ gba owó rẹ̀ tí kò rí i gbà. Ní oṣù kẹrin, FBI ní àwọn Lazarus Group ti Kòríà Àríwá ló ṣe é.

Olè náà burú. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọjọ́ inú ìtàn dáadáa, a óò rí i pé ọjà ti ń kú kí olè tó dé. Bí ilé bá ti ń wó, tí olè sì wá gbé ilẹ̀kùn lọ, a kì í sọ pé ilẹ̀kùn ló wó ilé. Àìkú àwọn ẹran yẹn ló pa ọjà wọn.

Ta ló ru ẹrù rẹ̀? Ẹni tó kọ́kọ́ dé, tó ta ọmọ Axie nígbà tó wọ́n, ti mú èrè rẹ̀ lọ. Ẹni tó gba ẹran sìn ló jókòó sídìí fóònù tí kò mówó wá mọ́. Ẹni tó yá owó láti fi ra Axie mẹ́ta ní oṣù kẹjọ 2021 wá ní ẹran mẹ́ta tí kì í kú, tí kì í sì í ṣeé jẹ. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀nà kan kún gẹ̀mù náà tí èèyàn lè fi tú Axie rẹ̀ sílẹ̀ títí láé, kí iye wọn lè dín kù. Wọ́n wá ń wá ikú fún ẹran wọn nígbẹ̀yìn. Ohun tí Norn ti ní láti 1996 ni wọ́n ń wá kiri.

Èrò tèmi

Àwọn kan yóò ní gẹ̀mù lásán ni, kí ló kàn wá? Ó kàn wá, torí pé irú ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa mọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé nǹkan wá fún àwọn ọ̀dọ́ wa lórí fóònù pé kí wọ́n wá sìn ín, pé yóò bímọ, pé ọmọ rẹ̀ yóò bímọ. Àwọn tó ń gbé e wá kì í sábà sọ ìparí rẹ̀.

Àwọn baba wa tó ń fi ewúrẹ́ fún èèyàn sìn kò ka ìwé Mendel. Wọn kò mọ 37.5 tàbí 9.375. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ewúrẹ́ níye lórí torí pé ó ń jẹ ewé, torí pé àrùn lè pa á, torí pé ọjọ́ ìkómọ ń bọ̀ tí wọn yóò pa òbúkọ, tí àyè yóò sì ṣí sílẹ̀ nínú ọgbà fún ọmọ tuntun. Wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá ẹni sìn yẹ kó nípìn-ín nínú ìran ẹran náà, kó lè kúrò ní ipò tó wà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ẹran tí kì í jẹ koríko wá bá yín láti sìn, ẹ má kàn sáré gbà á, ẹ má sì kàn lé e. Ẹ jókòó, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Bó bá bímọ, ta ló ni ọmọ? Bí ọmọ bá pọ̀, ta ni yóò rà á? Lọ́jọ́ tí kò bá sẹ́ni tó rà á mọ́, ṣé mo lè pa á jẹ?